Sikọ́láṣíìpù fún akẹ́kọ̀ọ́ sóṣíà wọ́ọ̀kì: orúkọ mìíràn ni owó náà ń jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Òkè-Báálẹ̀ ni mò ń gbé ní Òṣogbo. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ sóṣíà wọ́ọ̀kì (social work), CGPA mi sì jẹ́ 3.61 lórí 5. Ìyá mi nìkan ló ń gbé bùkátà ilé wa, àdìrẹ ni wọ́n ń tà. Mo fẹ́ ṣe másítà, àmọ́ gbogbo sikọ́láṣíìpù tí mo bá rí, bí kò bá jẹ́ ti dókítà, á jẹ́ ti ẹnjiníà. Ọkùnrin kan ní kí n mú ₦45,000 wá kí òun fi bá mi gba àyè kan ní Ìlú Ọba. Àbúrò mi obìnrin náà ń ka ẹ̀kọ́ yìí kan náà, 200 level ló wà, owó iléèwé sì ń dà á láàmú. Ṣé nǹkan kan wà fún irú àwa báyìí ni, àbí kí n yáa lọ ka nǹkan mìíràn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ₦45,000 kúrò nílẹ̀. Má san án. Kò sẹ́ni tó ń gba àyè sikọ́láṣíìpù fún ẹlòmíràn. Chevening, sikọ́láṣíìpù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í gba owó fọ́ọ̀mù, sikọ́láṣíìpù Commonwealth náà kì í gbà á, ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣí pọ́tálì wọn, orúkọ rẹ àti ímeèlì rẹ lo sì máa fi wọlé. Bí ọkùnrin náà bá ti gba NIN rẹ tàbí ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ, má fi BVN kún un rárá, kódà kó sọ pé báǹkì ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń béèrè rẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ tí òbí wọn ń ṣa náírà jọ lójú oòrùn ni irú àwọn wọ̀nyí máa ń dọdẹ.

Èkejì, má yí ẹ̀kọ́ rẹ padà. Owó wà fún iṣẹ́ tí o kọ́. Ohun tó fà á tí o kò fi rí i ni pé orúkọ ẹ̀kọ́ lò ń wá, ìṣòro àwùjọ sì ni àwọn tó ní owó máa ń kọ sójú ìwé wọn. Ẹni tó fẹ́ dá owó sílẹ̀ máa ń ro ti ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ, ti ìyá tó ń kú sórí ìkúnlẹ̀, ti àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ti abirùn tí kò rí iṣẹ́, ti arúgbó tí kò ní olùtọ́jú. Ta ló ń bá irú àwọn ènìyàn yìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ bí kò ṣe àwa? Nítorí náà, nígbà tí o bá tún ń wá a lórí Google, má tẹ "social work scholarship" nìkan. Tẹ "child protection", tẹ "social policy", tẹ "disability", "migration", "community development", "gender", "public health", kí o sì fi "fully funded masters" àti "Nigeria" kún un. Wàá rí i pé ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ.

Mú Chevening tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Láti 1983 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ná owó yìí. Ó ń san owó iléèwé, owó oúnjẹ àti ilé, àti owó bàálù àlọ àti àbọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé sóṣíà wọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n másítà ọlọ́dún kan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ti ń kọsẹ̀. Másítà sóṣíà wọ́ọ̀kì tó máa jẹ́ kí ènìyàn lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ní England, ọdún méjì ló sábà máa ń gbà, torí pé ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aráàlú pọ̀ nínú rẹ̀. Bí o bá kọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù Chevening, o ti já ara rẹ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó ka àlàyé rẹ. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan ni kí o wá: Social Policy, Social Development, Childhood Studies, àti irú wọn. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ní kí o yàn. Bí o bá parí rẹ̀, o gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì ó kéré tán, nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ìdúró sọ́hùn-ún ló wà lọ́kàn rẹ, Chevening kọ́ ni kí o lọ bá.

Ohun mìíràn tún wà nínú Chevening tó kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, èyí tí wọ́n kà sí 2,800 wákàtí, lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ènìyàn ṣe láìgbowó wọlé nínú rẹ̀. Fíìdìwọ́ọ̀kì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí yunifásítì sọ di dandan, kò wọlé. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ti ọdún yìí fún ọ, ṣùgbọ́n ọdún yìí lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí o bá ń lọ sìnrú ìlú, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé ọ sí ibi tí wàá kàn máa jókòó wo aago. Lọ bẹ ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka sóṣíà wọ́ọ̀kì, tàbí ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, kí wọ́n kọ̀wé béèrè fún ọ. Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Teach For Nigeria: ọdún méjì ni, wọ́n máa gbé ọ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé ìjọba tí nǹkan kò rọgbọ fún, wọ́n sì máa san owó oṣù fún ọ. Fẹ́lóṣíìpù ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì jáde nínú rẹ̀ ní ọdún méjì iṣẹ́ tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan ènìyàn níbikíbi.

Commonwealth Shared Scholarship ni mo fẹ́ kí o dojú kọ kíákíá ju Chevening lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni, ìjọba àti yunifásítì ló jọ ń san án. Wọn kò béèrè 2,800 wákàtí yẹn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí o ní ó kéré tán Second Class Upper, 3.61 rẹ sì ti gbé ọ débẹ̀. Kí o máa gbé ní orílẹ̀-èdè Commonwealth tó wà lórí àkọsílẹ̀ wọn. Kí o má tíì kàwé tàbí ṣiṣẹ́ fún ọdún iléèwé kan gbáko ní ilẹ̀ olówó. Kí ó sì hàn pé o kò lè fi owó ara rẹ lọ. Ọmọ alàdìrẹ tó ń dá bùkátà gbé kò níláti fi ipò rẹ̀ pamọ́ níbí. Sọ ọ́ bó ṣe rí, láìṣe àsọdùn. Wọ́n tún ní àwọn àkòrí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ so ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ "Access, inclusion and opportunity", bí ẹni pé àwa ni wọ́n ń bá wí. Fọ́ọ̀mù méjì lo máa kọ: ti yunifásítì tí o fẹ́ lọ, àti ti Commonwealth fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gbàgbé èkejì. Àwọn ẹ̀kọ́ tó wọlé máa ń yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé. Oṣù Kejìlá ni ilẹ̀kùn rẹ̀ sábà máa ń tì.

Níbi tí orúkọ ẹ̀kọ́ wa ti wà gbangba gbàǹgbà, Yúróòpù ni: Erasmus Mundus. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ń gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, yunifásítì bíi mẹ́ta sí márùn-ún ló sì máa ń para pọ̀ kọ́ ènìyàn, tí wàá fi ṣe sáà kan ní orílẹ̀-èdè kan, kí o tún kọjá sí òmíràn. MFAMILY, fún àpẹẹrẹ, másítà sóṣíà wọ́ọ̀kì fún ẹbí àti ọmọdé ni. Yunifásítì ISCTE ní Lisbon, Gothenburg ní Swídìn, Stavanger ní Nọ́wè àti Makerere ní Ùgáńdà ló para pọ̀ gbé e kalẹ̀. Sikọ́láṣíìpù Erasmus Mundus ń san €1,400 lóṣooṣù fún gbogbo àkókò ẹ̀kọ́, tó lè tó oṣù 24, kò sì ní jẹ́ kí o san owó iléèwé. Kò béèrè pé kí o kọjá lọ́dọ̀ ìjọba Nàìjíríà tàbí ti ẹnikẹ́ni. Àwọn yunifásítì náà gan-an lo máa kọ̀wé sí. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣí. Mo ní láti kì ọ́ nílọ̀ pé owó ètò kọ̀ọ̀kan ní iye ọdún tó ń gbé: èyí tó ń gba ènìyàn lọ́dún yìí lè má gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, inú àkójọ Erasmus Mundus tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ni kí o ti wò ó, má ṣe gba ohun tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gbọ́ láìwádìí.

Bí mo bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó bá fẹ́ fi sóṣíà wọ́ọ̀kì jẹun títí ọjọ́ alẹ́, Erasmus Mundus ni màá mú. Kò ní jẹ́ kí o fi orúkọ mìíràn pe ara rẹ.

Rotary náà wà, ó sì jọ mí lójú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo kì í rántí rẹ̀, nígbà tí Rotary wà láàárín ìlú. Global Grant wọn máa ń rán ènìyàn lọ ṣe másítà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, $30,000 ni ó kéré jù tí ètò kan lè jẹ́, bí ẹ̀kọ́ náà bá ti bá ọ̀kan mu nínú àwọn ohun méje tí wọ́n ń ṣe: àlàáfíà, ìlera ìyá àti ọmọ, ìdènà àrùn, omi, ìwé kíkà, ọrọ̀ ajé àdúgbò, àti àyíká. Ẹgbẹ́ tó wà níbí àti èyí tó wà lọ́hùn-ún ló máa jọ fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jókòó sílé kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. O ní láti mọ àwọn ènìyàn náà, kí o bá wọn jáde nígbà tí wọ́n bá ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìwé lọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ó ń pẹ́ o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dù ú kò pọ̀ bíi ti Chevening.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, Mastercard Foundation Scholars Program ti wà láti 2012. Yunifásítì Cape Town wà lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é, ẹ̀ka sóṣíà wọ́ọ̀kì sì wà níbẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìpele àti ẹ̀kọ́ tó ń ràn lọ́wọ́, ojú ewé iléèwé náà lo máa lọ kà. DAAD, àjọ sikọ́láṣíìpù ti Jámánì, ní ètò EPOS fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ó kéré tán, tí dìgírì wọn kò sì tíì ju ọdún mẹ́fà lọ. Fi ìyẹn pamọ́ fún ẹ̀yìn ọ̀la.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Mi ò ní tàn ọ́. MSW wọn, ìyẹn másítà sóṣíà wọ́ọ̀kì, dára, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń fún ọmọ àlejò níbẹ̀ kì í sábà kárí. Wọ́n lè dín owó iléèwé kù sí ìdajì, kí ìdajì tó kù sì ju ohun tí gbogbo ẹbí rẹ lè dá jọ lọ. PhD ni wọ́n ti máa ń san gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó oṣù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fẹ́ kí o ti ní MSW kí o tó wá. Nítorí náà, bí ojú rẹ bá kọ Amẹ́ríkà, ṣe másítà rẹ níbòmíràn tàbí nílé níbí, ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Nsukka, kí o wá fi PhD wọ ọ̀hún. Má sì fojú kéré másítà ilé.

Ní báyìí, àwọn tí kì í ṣe tìrẹ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ wọ́n, kí o má fi ìrètí àti dátà ṣòfò. Bí o bá rí Minority Fellowship ti CSWE, àjọ ẹ̀kọ́ sóṣíà wọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ ló wà fún. Social Work Bursary ti NHS, àwọn tí ilé wọn wà ní England ló wà fún. PTDF, epo rọ̀bì ni tiwọn. Agbami, dókítà, ẹnjiníà àti àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. TETFund, olùkọ́ yunifásítì ló ń rán lọ, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wọn yìí máa ń wà nínú àkójọ gígùn tí àwọn ènìyàn ń pín kiri, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé gbogbo ayé ló ń sọ fún ọ pé rárá. Ìlà tó sọ pé "who can apply" ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o tó ka iye owó.

Fún àbúrò rẹ tó wà ní 200 level: NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin 2024. Kò ní èlé. Owó iléèwé máa lọ tààrà sí àpò yunifásítì, òun fúnra rẹ̀ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ìwọkọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀, bí iṣẹ́ bá ti wà, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ni wọ́n sì ń yọ. Nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà matric, NIN àti BVN ló máa lò, orí pọ́tálì NELFUND gan-an, láìsan kọ́bọ̀. Kí ó tún máa bèèrè bursary ìpínlẹ̀ ní sẹkitéríàtì ní Abẹrẹ, torí ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde, ariwo rẹ̀ kì í pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì yín bá jẹ́ afọ́jú, ẹ sọ fún un pé MTN Foundation ní sikọ́láṣíìpù tó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú, ẹ̀kọ́ yòówù kó máa kà, nílé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba.

Ó wá ku ohun tó ń gbé ènìyàn wọlé tàbí tó ń tì í síta, ìyẹn àlàyé tí wàá kọ. Mo ti ka irú rẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, ìlà kan náà ni gbogbo rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀: láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́. Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù kò rí ohun tó máa dì mú níbẹ̀. Wo bí ó ṣe yẹ kó rí. Mo hun àpẹẹrẹ yìí ni, kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni: "Nígbà tí mo ń ṣe fíìdìwọ́ọ̀kì nílé ìwòsàn kan ní Òṣogbo, mo rí àwọn ìyá tí wọ́n ti bímọ, tí ara wọn ti yá, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kúrò ní wọ́ọ̀dù nítorí owó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n mọ̀ nípa adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Mo bá ọ̀gá mi sọ ọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn aboyún ní ọjọ́ àyẹ̀wò, kí ìrora tó mú wọn." Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà rí wà níbẹ̀, ohun tó ṣe wà níbẹ̀. Kó wá sọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́, kó sì sọ ohun tó máa fi ṣe ní wọ́ọ̀dù yẹn bó bá padà dé.

Ibo lo ti máa rí tìrẹ? Nínú logbook rẹ, ìwé tí o ń kọ iṣẹ́ fíìdìwọ́ọ̀kì sí. Má sọ ọ́ nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún ọ ní máàkì. Jókòó tì í, kí o kọ ọ̀ràn mẹ́ta tí o kò lè gbàgbé síta, kí o yọ orúkọ, àdúgbò àti gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi dá oní nǹkan mọ̀. Ìgbìmọ̀ tó mọ iṣẹ́ wa máa ń wo ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi àṣírí aláìsàn ṣe ẹ̀ṣọ́ fún fọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ti sọ irú òṣìṣẹ́ tó máa jẹ́.

Orúkọ rẹ ńkọ́? Yọ ìwé WAEC rẹ, ìwé JAMB, NIN àti ìwé ìbí, kí o tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì. Ṣé bákan náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́? Ọ̀kan lè jẹ́ Omowumi, kí èkejì jẹ́ Omowunmi, kí ẹ̀kẹta ti gbàgbé orúkọ àárín. Nǹkan kékeré tó ń dá ènìyàn dúró níwájú ẹ́ḿbásì nìyẹn. Tún ti NIN ṣe kí o tó lọ gba páásípọ́ọ̀tù, torí inú NIN ni orúkọ tó máa jáde lórí páásípọ́ọ̀tù ti ń wá. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni wọ́n ń gba fún èyí tó ń lo ọdún márùn-ún. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni nílé yín. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ ṣèrànwọ́ pẹ̀lú ohunkóhun, ₦45,000 tí ẹ fẹ́ gbé fún ọkùnrin yẹn, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àkójọ owó páásípọ́ọ̀tù. Ti ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, má tíì dààmú ara rẹ: ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà.

Lẹ́yìn náà, àwọn tó máa jẹ́rìí rẹ. Ẹni méjì ló sábà máa ń tó, olùkọ́ kan tó kọ́ ọ àti ẹni tó ṣe ọ̀gá rẹ ní fíìdìwọ́ọ̀kì. Lọ bá wọn nísinsìnyí tí ojú rẹ ṣì wà lọ́kàn wọn, kí o tó lọ sí káǹpù. Má kàn sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ rẹfaráǹsì." Mú ìwé kan dání fún wọn tí o kọ orúkọ kíkún rẹ sí, nọ́ńbà matric rẹ, kọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ọ àti máàkì tí o gbà níbẹ̀, àkòrí iṣẹ́ ìwádìí rẹ, ọ̀ràn kan tí ẹ jọ ṣe ní fíìdìwọ́ọ̀kì, orúkọ sikọ́láṣíìpù náà, àti ọjọ́ tí pọ́tálì máa tì. Gba ímeèlì yunifásítì wọn bó bá wà, torí àwọn pọ́tálì kan kì í gba Gmail lọ́wọ́ olùkọ́. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ilẹ̀kùn tì, tún pè wọ́n, kí o kí wọn dáadáa, kí o sì rán wọn létí.